Ilẹ̀kùn Tí Màmá Fẹ́ Tì Fúnra Wọn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Júùnù

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ aṣọ rírán nílé ìwé girama. Bí ohun kan bá wà tí mo kórìíra nínú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mi orí ni, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan. Lónìí, nínú pálọ̀ wa níhìn-ín ní Àgùdà, mo mi orí fún wákàtí kan gbáko.

Purity, ayàwòrán-ilé tí Bọ̀dá mi Ọládipúpọ̀ mú wá láti Yábàá, ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì. Ọmọ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dá ṣáká. Ó ní òun á sọ yàrá ìsàlẹ̀ tí ayálégbé kó kúrò nínú ẹ̀ di yàrá Màmá, òun á sì kọ́ balùwẹ̀ tuntun mọ́ ọn níwájú. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀: pìláànù, ẹlifésọ̀n, sẹ́kíṣọ̀n, sẹ́tíbáàkì, líńtẹ̀lì. Bọ̀dá mi ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi náà ń mi orí. Nígbà tó fi àwòrán aláwọ̀ mèremère hàn wá, pẹ̀lú òdòdó lẹ́nu ọ̀nà àti ilẹ̀kùn tó fẹ̀ bíi ti òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wa pariwo pé ó mà dára o. Bọ̀dá mi gbàdúrà sí i, a ṣe àmín, wọ́n sì fọwọ́ sí ojú ewé méjìlélógún láì ka ẹyọ kan.

Màmá nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga onítáyà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọn kì í fẹ́ ká pè é ní kẹ̀kẹ́ arọ. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe arọ, eegun ìbàdí àwọn ló dá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, balùwẹ̀ yẹn, ṣé mo máa lè wọ̀ ọ́ fúnra mi, kí n sì tilẹ̀kùn?"

"Ẹ máa tì í dáadáa, Gráńmà," ni Purity wí.

Bọ̀dá mi ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú bébà."

Èmi ò mọ̀ bóyá ó wà nínú bébà. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Ọjọ́rú, 4 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Èmi àti Olúwatóyìn, nọ́ọ̀sì tó ń wá láràárọ̀, gbé Màmá wọ balùwẹ̀ òkè. Àga wọn kì í gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé; ibi tí ó bá dúró sí náà la ti ń gbé wọn, nítorí náà ilẹ̀kùn kì í ṣeé tì. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n ṣubú. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí obìnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà Gertrude, kò tíì dá wà nínú balùwẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Wọ́n máa ń dijú bí a bá ń wẹ̀ wọ́n. Wọ́n rò pé mi ò rí i.

Kí ilé náà rẹwà tàbí kó má rẹwà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lèmi ń wá.

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù

Aminullah bíríkìlà ti ṣe Iléyá tán. Láti Muṣin ló ti ń bọ̀, ó sì gbé ẹran àgbò dídín wá fún Màmá kó tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Wọ́n kan èèkàn, wọ́n na okùn. Mo bi í kí ló dé tí kò lo ilẹ̀ náà dé ara fẹ́ǹsì aládùúgbò wa.

"Sẹ́tíbáàkì ni, Màdáàmù."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Alágbà ní gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ."

Mo ní kó gbàgbé Bọ̀dá mi tó ń pè ní Alágbà, kó dá mi lóhùn. Ó ní àyè tí ìjọba ní ká fi sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì ni, kí atẹ́gùn lè rí ibi kọjá, kí iná ilé kan má sì ràn mọ́ èkejì. Mo wọlé, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, àmọ́ ó ti di tèmi.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ojú Ẹlẹ́gbà, mo ti ibẹ̀ dé Yábàá, mo sì gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì Purity títí orúnkún mi fi ń pariwo. Mi ò tíì jókòó tán tí mo fi sọ ohun tó gbé mi wá.

"Ọmọ mi, mo wá jẹ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tó o sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn, 'ẹ káàsán' nìkan ló yé mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ yí padà. "Mọ́mì, ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Everybody just dey nod. Èmi náà á wá rò pé ó ti yé wọn."

Ó fa bébà funfun kan yọ. Ó ní kí n rò ó pé wọ́n fi ayùn gé ilé yíká níwọ̀n ìbàdí, wọ́n gbé apá òkè kúrò, èmi wá dúró lórí àkàsọ̀, mò ń wo inú ilé láti òkè. Pìláànù nìyẹn. Bí wọ́n bá gé e láti òrùlé dé ìpìlẹ̀ bí ẹni gé búrẹ́dì, tí mo wá ń wo ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá, sẹ́kíṣọ̀n nìyẹn. Bí mo bá dúró ní títì bí àlejò, tí mò ń wo ojú ilé, ẹlifésọ̀n ni.

Mo ní, "Ó tán?"

Ó ní ó tán.

Mo fọwọ́ lu tábìlì. Páátánì ni! Iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, apá aṣọ. Gbogbo ayé mi ni mo fi ya ohun tí kò tíì sí sórí bébà, fún ara tó máa wọ̀ ọ́. Kí ló wá dé tí mo fi jókòó bí ọ̀dẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn? Inú mi dùn débi pé mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, mo ń jẹ ẹ́ lọ lójú títì bí ọmọ ilé ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Júùnù

Òjò. Kò síṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí, Aminullah ń ṣépè fún gbogbo àwọn tó ń tà á lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní ni líńtẹ̀lì. Kọnkéré tó dùbúlẹ̀ lórí ẹnu ọ̀nà ni, tó ń gbé ẹrù ògiri tó wà lókè rẹ̀. Aminullah ní kí líńtẹ̀lì tó dé, ẹnu ọ̀nà ṣì ṣeé tún ṣe. Bí a bá ti dà á tán, kí olúwarẹ̀ yáa gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Júùnù

Ìjà àkọ́kọ́. Èmi ni mo borí.

Bàbá wa gbé ìpìlẹ̀ ilé yìí ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì nítorí àgbàrá. Ó dára fún àgbàrá, kò dára fún àga onítáyà. Nítorí náà, ọ̀nà kan máa wà tó rọra dàgẹ̀rẹ́ láti ilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ráńpù ni wọ́n ń pè é. Mo bọ́ sísàlẹ̀ láàárọ̀, mo rí i pé Aminullah ti kan èèkàn rẹ̀.

Mo ní, "Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, Màdáàmù. Ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe é ní gbogbo Muṣin."

Mo ṣí bébà sẹ́kíṣọ̀n lé orí búlọ́ọ̀kù. "Wo ohun tí wọ́n kọ síbí. Bí ó bá gòkè ní íńṣì kan, kó rìn síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Íńṣì mélòó ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà méjì?"

"Mẹ́rìnlélógún."

"Nítorí náà ńkọ́?"

Ó wo èèkàn, ó wò mí. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún! Màdáàmù, iwájú ilé yìí ò lè gbà á láéláé."

"Ó gbà á. Wo pìláànù. Ó lọ ní méjìlá, ó sinmi lórí pèpéle, ó ṣẹ́rí padà, ó tún lọ ní méjìlá."

Aminullah bọ́ fìlà, ó họ orí. Ó ní ta ló kọ́ mi. Kí n tó dáhùn, ohùn Màmá ti já láti fèrèsé òkè: "Tíṣà lọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ ni?" Wọ́n fa èèkàn yẹn tu. Jálẹ̀ ọjọ́ náà, mo ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Júláì

Òjò tó rọ̀ lánàá kúrò ní kékeré. Omi dé orúnkún ní títì wa, àwọn ará iwájú ń fi báàkẹ́tì gbọ́n pálọ̀. Ó ku íńṣì mẹ́rin kó kan ilẹ̀ yàrá Màmá. Bàbá mi, ẹ ṣé, níbikíbi tí ẹ bá wà.

Ògiri balùwẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀ fèrèsé.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Mo ti ń ka àwọn nọ́ḿbà inú pìláànù báyìí bí mo ṣe ń ka ìwọ̀n aṣọ. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ Màmá: 750. Mìlímítà ni wọ́n ń lò. Mo sọ ọ́ di íńṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n. Mo gòkè lọ wọn àga Màmá láti ọwọ́ táyà kan dé èkejì: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ṣẹ́ kù. Mo ti fẹ́ pa bébà dé.

Àmọ́ ara mi ò gbà á. Bí ọmọ kíláàsì mi bá mú ìwọ̀n wá, ìbéèrè kan wà tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ṣubú: wọ́n máa gé aṣọ géérégé bí ara ṣe rí, wọn ò ní rántí pé ojú rírán máa jẹ nínú ẹ̀. Mo pe Purity.

"Ọmọ mi, nọ́ḿbà ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ Màmá, ṣé ti aṣọ tí a gé ni, àbí ti aṣọ tí a rán tán?"

"Ti aṣọ tí a gé ni, Mọ́mì. Àlàfo tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù ni."

"Férémù ńkọ́?"

"Inú àlàfo yẹn náà ló máa wà."

"Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, tó bá ṣí sílẹ̀ ńkọ́? Ibo ló máa dúró sí?"

Ó ní òun máa pè mí padà. Kò pè.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júláì

Mo lọ bá Jethro káfíńtà ní Muṣin, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń ṣe ilẹ̀kùn. Ó ti kan férémù náà tán, ó fi ti ògiri, igi gidi ni, ó ń dán. Mo na téèpù sí i. Igi ọ̀tún nípọn ní íńṣì méjì, ti òsì bẹ́ẹ̀. Láàárín wọn, márùndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá sì ṣí sílẹ̀, nínípọn tirẹ̀ náà á tún jẹ nínú ẹ̀. Ohun tó máa kù kò tó mẹ́rìnlélógún. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àga Màmá.

Jethro ní, "Mummy, na wetin dem write give me I do o."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ láàárín èéfọ́ igi, omi sì bọ́ lójú mi. Balùwẹ̀ tuntun, ilẹ̀kùn tuntun, àga á sì tún dúró sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń dúró lókè. Èmi àti Olúwatóyìn á tún máa gbé wọn wọlé. Màmá á tún máa dijú. Gbogbo òógùn tí a là, orí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà ló fẹ́ gbé wa padà sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Júláì

Mo dúró de Bọ̀dá mi títí wọ́n fi jẹun tán. Mo ṣàlàyé, mo fi bébà hàn wọ́n, mo fi téèpù hàn wọ́n.

Wọ́n ní, "Mọtọ́lání, ayàwòrán-ilé ló yà á. Ìwọ aránṣọ lo wá fẹ́ tún un ṣe?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ḿbà yìí."

"Mo ti fọwọ́ sí i."

"Ṣé ẹ kà á?"

Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ọ̀la ni Aminullah máa da líńtẹ̀lì, ó ti pe òṣìṣẹ́ mẹ́fà, àwọn ò sì ní fọ́ ògiri tuntun nítorí íńṣì méjì.

Íńṣì méjì! Mo ní, "Bí mo bá rán ṣòkòtò yín kó fi íńṣì méjì kéré ní ìdí, ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọn ò dágbére fún mi.

Purity fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù nírọ̀lẹ́. Ó ní òun ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, òótọ́ ni mo sọ, ojú ń ti òun, òun á dé láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la. Aago méje ni Aminullah máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Júláì

Mo ní láti kọ gbogbo rẹ̀, kí n má baà gbàgbé èyíkéyìí.

Bí mo ṣe jí, mo tọ Màmá lọ, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yá mi ní àga wọn. Wọn ò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo tì í sínú àlàfo ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo sì jókòó lé e. Ibẹ̀ ni Aminullah àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá mi, pẹ̀lú páànù lórí.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ṣiṣẹ́."

"Ẹ lọ ṣe ti ibòmíì."

"Kò síbòmíì mọ́, Màdáàmù. Ibí ló kù."

"Ó dáa, ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Jethro fi kẹ̀kẹ́ gbé férémù àti ilẹ̀kùn dé, nítorí mo ti pè é. Láago méje ààbọ̀ ni Bọ̀dá mi wọlé, wọ́n rí mi, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ àwọn di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ ni. Mi ò pariwo. Mo ti pinnu pé mi ò ní pariwo.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ni Dáwódù ilé yìí. Ẹ jókòó sí àga Màmá, kí ẹ fọwọ́ ara yín yí i wọlé. Bí ẹ bá wọlé, mo máa kúrò lọ́nà fún Aminullah, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ilé yìí á fi parí."

Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Jethro àti òṣìṣẹ́ kan gbé férémù náà sínú àlàfo, wọ́n fi ìṣó mú un díẹ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn kọ́ ọ. Bọ̀dá mi jókòó, wọ́n di ọwọ́ táyà méjèèjì mú, wọ́n tì í.

Ọwọ́ wọn kan igi. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tún kọ́ wọn, awọ ìka wọn bó. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta tagbára-tagbára, ni àga bá há, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Alágbà ìjọ, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ní sẹkitéríátì, wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ níka.

Ìgbà náà ni Màmá pè láti fèrèsé òkè. "Ọládipúpọ̀, ṣé o ti wọlé?"

Òṣìṣẹ́ kan kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Aminullah tẹ̀ lé e, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá mi náà rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì. Nígbà tí mo máa fi wò wọ́n dáadáa, ẹ̀rín ti tán nínú ẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Màmá," ni wọ́n wí, wọn ò gbé orí sókè, "mi ò lè wọlé."

"Ó dáa," ni Màmá dáhùn. "Ìwọ náà ti mọ bó ṣe ń rí."

Bọ̀dá mi yíjú sí Aminullah, wọ́n ní, "Fọ́ ọ."

Aminullah fúnra rẹ̀ ló mú òòlù. Ó ní ọlá líńtẹ̀lì tí kò tíì sí lókè la jẹ, ká ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la rí i ni, ẹkún la ò bá máa sun. Ibi tí búlọ́ọ̀kù ti ń wó ni Purity sáré wọlé sí, ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Mọ́mì, Dádì, ẹ má bínú. Ìwọ̀n tí mo máa ń lò fún gbogbo balùwẹ̀ ni mo lò. Mi ò wọn àga Gráńmà."

Mo fà á dìde. Mo ní, "Ta ló wọ̀n ọ́n nínú wa? Ṣebí gbogbo wa la ṣe àmín sí i."

Ó mú bírò pupa, ó tẹ́ bébà sórí àga Màmá. Ó kọ nọ́ḿbà méjì ságbègbè ilẹ̀kùn náà, ọ̀kan fún ohun tí a gé, ọ̀kan fún ohun tí a rán tán. Ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà láàárín búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí férémù àti ilẹ̀kùn bá jẹ tiwọn tán, íńṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n á kù. Iye ọdún tí mo fi kọ́ni gan-an ni. Ó tún yí ilẹ̀kùn padà kó máa ṣí síta, nítorí bí ènìyàn bá ṣubú sínú balùwẹ̀ tí ilẹ̀kùn ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ló máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á. Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. A kàn jọ gbàgbé láti bára wa sọ̀rọ̀ ni.

Mo borí lónìí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba: èmi Mọtọ́lání, aránṣọ, mo borí.

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì

A da líńtẹ̀lì. Mo wọn ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dà á. Aminullah wọ̀n ọ́n. Bọ̀dá mi náà gba téèpù, wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Júláì

Bọ̀dá mi gbé pọ́fùpọ́ọ̀fù wá, wọ́n ti ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n wúkọ́.

"Mọtọ́lání. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pè ní ẹlifésọ̀n gan-an?"

Ọlọ́run ló bá mi pa ẹnu mi mọ́ tí mi ò fi rẹ́rìn-ín. Mo fa bébà páátánì mi yọ, mo ṣe é fún wọn bí Purity ṣe ṣe é fún mi, àkàsọ̀, búrẹ́dì, àlejò ní títì. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń kọ́ Aminullah.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ráńpù ti gbẹ, ó ń dán bí ojú ọ̀nà ọba. Mo kọ táìsì ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ń yọ̀. Èyí tó rí hágahàga ni wọ́n ń tẹ́. Wọ́n ti kan irin ìdìmú sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, Olúwatóyìn sì ń bá Màmá ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́, láti àga sórí bẹ́ẹ̀dì, láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Apá wọn ti le ju tèmi lọ.

Purity pè mí. Ó ní gbogbo ilẹ̀kùn tí òun bá ti yà báyìí, nọ́ḿbà méjì ni òun ń kọ sí i, àwọn bíríkìlà rẹ̀ sì ti ń pe ọ̀kan ní gígé, wọ́n ń pe ìkejì ní rírán. Bí oníbàárà bá jókòó síwájú òun, ìbéèrè tí òun kọ́kọ́ ń bi í ni pé ta ló máa gba ilẹ̀kùn yìí wọlé. Ó tún fi irú ìdè kan sí ilẹ̀kùn Màmá tí a lè fi owó ẹyọ ṣí láti ìta bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. A ti fohùn ṣọ̀kan pé a ò ní sọ ìyẹn fún Màmá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ̀ńbà

Oòrùn ràn. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, Màmá ní kí a gbé àwọn dé ìsàlẹ̀ ráńpù, kí a má gbé àwọn kọjá ibẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé tí mo rán, wọ́n de gèlè. Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, Bọ̀dá mi, Purity, Aminullah, Jethro, Olúwatóyìn, èmi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ti àwọn.

Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Wọ́n sinmi lórí pèpéle, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n kí aládùúgbò tó yọjú lórí fẹ́ǹsì, wọ́n sì bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú rárá. Wọ́n ṣẹ́rí padà. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Wọ́n wọlé.

Mo rò pé wọ́n máa wo yàrá, wọ́n máa wo fèrèsé, wọ́n máa súre. Wọn ò wo nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni wọ́n yí àga sí tààrà. Àga náà wọlé, kò kan igi lọ́tùn-ún, kò kan igi lósì, àyè sì ṣẹ́ kù. Wọ́n yí padà sínú ẹ̀, wọ́n na ọwọ́ mú ilẹ̀kùn. Olúwatóyìn gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé wọn, mo di apá rẹ̀ mú.

Ilẹ̀kùn padé. A gbọ́ ìdè: kọ̀ọ́.

A dúró. Bọ̀dá mi ń wo aago ọwọ́ wọn. Purity ti ń sunkún láì ṣe ohùn, Aminullah ń wo òkè àjà bí ẹni tó fẹ́ wá ibi tó sán. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ omi. Lẹ́yìn omi, a gbọ́ Màmá tó ń kùn orin sábẹ́ imú, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, tí àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa kan ilẹ̀kùn pé a ti fẹ́ pẹ́ dé ilé ìwé. Orin náà dúró.

"Ta ló ń mí lẹ́nu ọ̀nà mi?"

Mo ní, "Àwa ni, Màmá."

"Ẹ lọ dúró síwájú ilé. Mo máa pẹ́."

A lọ síwájú ilé.